Ṣé Kí A Ṣègbéyàwó Kí A Tó Lọ, Tàbí Kí A Dé Ọ̀hún Ná?

Lẹ́tà kìíní

Ẹ̀yin olùdáhùn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 29 ni mí. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo fi ìwé ìbéèrè mi ránṣẹ́ sí ìjọba Kánádà lábẹ́ ètò Express Entry, kí wọ́n lè fún mi ní àṣẹ ìgbélùú títí láé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PR. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà, ohun tí mo sì kọ sínú fọ́ọ̀mù náà nìyẹn. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti mọ ara wa fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kálukú ń gbé ilé tirẹ̀. Ní báyìí, àwọn òbí wa ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì ku oṣù méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wà lọ́hùn-ún ní kí a ṣe ti ẹbí nìkan, kí a má fi ẹsẹ̀ kan kóòtù, pé bí kò bá ti sí ìwé ẹ̀rí, kò sí ẹni tó máa mọ̀, kí n wá fi ìgbọ̀wọ́ pe ọkọ mi nígbà tí mo bá dé ọ̀hún tán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má dá a lóhùn, kí n sún ìgbéyàwó síwájú ni. Àfẹ́sọ́nà mi ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí mo bá lọ láìṣègbéyàwó, mo lè má rántí òun mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyàwó Tó Ń Dúró

Ìdáhùn

Ẹ kú ìmúra, Ìyàwó Tó Ń Dúró. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín bẹ̀rẹ̀, nítorí nínú gbogbo ọ̀nà tí ẹ kà sílẹ̀, òun nìkan ni kò ṣeé tún ṣe bí ó bá ti bàjẹ́. Òfin Kánádà sọ pé bí ènìyàn bá tọrọ PR, tí ó sì rí i gbà, kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ lẹ́yìn náà fún ọkọ tàbí aya tí ó ti ní nígbà tí ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n kò bá yẹ onítọ̀hún wò nígbà náà. Abala 117(9)(d) nínú àwọn ìlànà wọn ni ó wà, àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sì mọ nọ́ńbà náà bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn yóò dá ọkọ yín dúró fún ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n tó gbà á. Wọn kò ní kà á mọ́ ẹbí tí ẹ lè fi ìgbọ̀wọ́ pè rárá ni, bí ìgbéyàwó yín tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, bí ẹ tilẹ̀ ti bímọ mẹ́ta fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi òfin yìí gbọ́ ni ìtumọ̀ àkókò tí ìwé fi wà lọ́wọ́. Wọ́n rò pé ọjọ́ tí àwọn kọ fọ́ọ̀mù nìkan ni ó kà, pé bí àwọn kò bá ti lọ́kọ lọ́jọ́ náà, àwọn ti bọ́. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ Kánádà ti yanjú èyí láti ọdún 2006: àkókò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé ìbéèrè wọlé, kò sì parí títí di ọjọ́ tí ẹni náà yóò gúnlẹ̀ tí wọn yóò sọ ọ́ di olùgbé títí láé. Nítorí náà, oṣù márùn-ún tó ti kọjá wà nínú rẹ̀, oṣù méjì tó ń bọ̀ náà wà nínú rẹ̀, alẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí ẹ máa wọ ọkọ̀ òfuurufú pàápàá kò sí níta.

Ní ti pé kò ní sí ìwé ẹ̀rí, ìwé kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di ọkọ tàbí aya lójú Kánádà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ṣé òfin ibi tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó náà kà á sí ìgbéyàwó, ṣé kò sì tako òfin tiwọn. Níbi tí òfin bá ti gba ìgbéyàwó tí ẹbí méjì ṣe, ẹ ti di aya lọ́jọ́ náà, yálà ẹ dé kóòtù tàbí ẹ kò dé ibẹ̀. Ẹ tilẹ̀ fi ti ayẹyẹ sílẹ̀: bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti gbé pọ̀ bíi tọkọtaya fún ọdún kan gbáko, òfin wọn kà wọ́n sí alábàágbé tí a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ti ọkọ tàbí aya. Ó dára tí ẹ sọ pé kálukú ń gbé ilé tirẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń kọ pé àwọn kò lọ́kọ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tó jẹ́ pé àdírẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń lò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n sì gbà lọ́kàn ara wọn pé òtítọ́ ni àwọn kọ.

Ẹ tún rò ó wò ná. Báwo gan-an ni ọ̀rẹ́ yín ṣe fẹ́ kí ẹ fi ìgbọ̀wọ́ pe ọkọ yín lẹ́yìn náà? Fọ́ọ̀mù ìgbọ̀wọ́ yóò béèrè ìgbà tí ẹ pàdé, ìgbà tí ẹ di tọkọtaya, àwọn tó bá yín péjọ, àti àwòrán ọjọ́ náà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fi ọwọ́ ara yín kó ẹ̀rí náà lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì wá yí ọjọ́ padà kí ọ̀rọ̀ lè bára mu, kì í ṣe ìgbàgbé mọ́, ìtànjẹ ni, abala 40 nínú òfin wọn sì fi ọdún 5 ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 2 péré ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi kún un ní ọdún 2014. Wọ́n lè gba PR tí ẹ ti ní lọ́wọ́ yín pẹ̀lú.

Ó wá ku ọ̀nà tó mọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ṣe ìgbéyàwó yín lọ́jọ́ tí àwọn òbí mú, kí ẹ sì sọ fún iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n Kánádà láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, nípasẹ̀ fọ́ọ̀mù tó wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ ó fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ọkọ yín kọ. Ọkọ yín yóò ṣe àyẹ̀wò ìlera lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí, yóò gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti gbogbo ibi tí ó bá ti gbé fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ ó sì san owó tirẹ̀. Ìwé yín yóò pẹ́ sí i, kò sí àní-àní. Bí ẹ bá wà lára àwọn tí wọ́n ń béèrè ẹ̀rí owó lọ́wọ́ wọn, owó tí ẹ máa fi hàn yóò pọ̀ sí i pẹ̀lú, nítorí iye ènìyàn inú ẹbí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Lábẹ́ iye tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2025, dọ́là Kánádà 15,263 ni ti ẹnì kan, 19,001 sì ni ti ẹni méjì. Wọ́n máa ń yí i padà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ wo èyí tó wà lójú ọjọ́ nígbà tiyín.

Ẹ̀rù kan wà nínú ọ̀nà yìí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ lójú àfẹ́sọ́nà wọn. Bí ọkọ bá ní ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo lọ́rùn, tàbí ọ̀ràn ìlera tí òfin wọn kò gbà, ìwé ti aya náà lè tì í ṣubú, yálà ọkọ ń bá a lọ tàbí kò bá a lọ. Kí ẹ tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ jókòó ti ara yín kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá bá tọkọtaya ní yàrá dára ju èyí tí wọ́n máa gbọ́ nínú lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú ìbẹ̀rù tí mo rò pé ó wà lọ́kàn yín, bí ẹ kò tilẹ̀ kọ ọ́, ni ti máàkì tí wọ́n fi ń yan àwọn tí wọ́n máa fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá tọrọ PR. Ní Express Entry, ẹni tí kò lọ́kọ àti ẹni tó lọ́kọ kì í jẹ máàkì lórí ìwọ̀n kan náà. Ẹni ọdún 29 tó dá wà ń gba 110 lórí ọjọ́ orí; bí ó bá ní ọkọ tí yóò bá a lọ, 100 ni. Ẹ̀kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti 150 sí 140, èdè àkọ́kọ́ láti 136 sí 128, ìrírí iṣẹ́ ní Kánádà láti 80 sí 70. Máàkì 40 ni wọ́n kó fún ẹnìkejì láti fi dí i, 10 lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, 20 lórí èdè rẹ̀, 10 lórí iṣẹ́ tí ó ti ṣe ní Kánádà, ẹni tí kò sì tíì jókòó ṣe ìdánwò èdè, tí kò sì ṣiṣẹ́ rí ní Kánádà, kò ní rí nǹkan kan mú wá nínú rẹ̀ àfi ti ẹ̀kọ́, bí àjọ tó ń ṣe é bá ti yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ti yín ti kọjá ibẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ àti ìgbà tí ìwé ìbéèrè wọlé sí wọn lọ́wọ́ ni òfin ní kí máàkì náà dúró ṣinṣin, ẹ sì ti rékọjá méjèèjì láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ máàkì ṣì lè dùn ni àwọn tó ṣì wà nínú àkójọ tí wọ́n ń retí ìpè, àti àwọn tó ti rí ìpè gbà ṣùgbọ́n tí ọjọ́ 60 tí wọ́n fún wọn kò tíì pé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣègbéyàwó ní àárín yẹn, kí ó tún máàkì rẹ̀ ṣírò. Bí ó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ iye tí wọ́n fi pe ènìyàn lọ́jọ́ náà, ó sàn kí ó kọ ìpè náà kí ó sì padà sínú àkójọ ju kí ó fi ìwé ránṣẹ́ kí wọ́n dá a padà.

Ọ̀nà kejì jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọkọ kò ní bá yín lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ẹ ó sọ pé kò tíì ń bọ̀. Ó wúlò fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń parí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ kan tí kò ṣeé fi sílẹ̀ lójijì. Nítorí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, abala 117(9)(d) tí mo mẹ́nu bà lókè kò kàn án mọ́, ẹ sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá yá. Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe níbí ni pé wọ́n rò pé ẹni tí kò bá àwọn lọ kò nílò àyẹ̀wò ìlera. Ó nílò rẹ̀. Wọ́n sì ń ka orí rẹ̀ mọ́ ti owó náà.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gúnlẹ̀, kí ẹ tó ṣègbéyàwó. Ó dájú pé ìgbéyàwó tó bá wáyé lọ́jọ́ kejì tí ẹ ti di olùgbé títí láé kò sí lábẹ́ ìdènà yẹn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín dáadáa: oṣù mẹ́fà ni iléeṣẹ́ náà máa ń fi ṣe àfojúsùn fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé Express Entry, tiyín sì ti lo oṣù márùn-ún, ìyẹn ni pé PR yín lè dé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Bí ó bá dé, ẹ lè wọkọ̀ lọ, kí ẹ gúnlẹ̀, kí ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tí wọn yóò fi káàdì ránṣẹ́ sí níbẹ̀, kí ẹ sì padà wá jó níbi ìgbéyàwó yín láìsí ohun tó ń lé yín. Owó ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀mejì kò kéré, mo mọ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìgbọ̀wọ́ ni ẹ ó fi pe ọkọ yín, kì í sì í yá bí omi ìṣàn: oṣù 12 ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn, ẹ ó sì fọwọ́ sí i pé ẹ ó bójú tó o fún ọdún 3 láti ọjọ́ tí ó bá di olùgbé. Onígbọ̀wọ́ tó jẹ́ pé PR ni ó ní, tí kò tíì di ọmọ onílùú, gbọ́dọ̀ máa gbé ní Kánádà ní gbogbo ìgbà tí ìwé ọkọ rẹ̀ fi wà lọ́wọ́. Ẹ kò lè gúnlẹ̀, kí ẹ padà wá jókòó ti ọkọ yín fún ọdún kan, kí ẹ máa retí kí ìwé rẹ̀ jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ní kí olùgbé lo ó kéré tán ọjọ́ 730 ní Kánádà nínú ọdún 5, ọjọ́ tí ẹ bá sì lò lọ́dọ̀ ọkọ tí kì í ṣe ọmọ Kánádà kò sí nínú ìṣirò náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè dúró ní Kánádà kí ẹ ṣe ìgbéyàwó lórí fídíò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Kánádà kò ti gba ìgbéyàwó tí tọkọtaya méjèèjì kò fi ara wọn wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí fóònù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹlòmíràn dúró lórúkọ ẹnìkan. Fíísà àfẹ́sọ́nà náà kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́ láti ọdún 2002.

Ibi tí ó léwu jù lọ ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ìwé PR bá dé àti ọjọ́ ìrìn àjò. Ayọ̀ pọ̀, gbogbo ẹbí ń sọ pé kí a so wọ́n pọ̀ kí ó tó lọ, ó sì dà bí ẹni pé ìjọba ti pa fáìlì náà dé. Kò tíì pa á dé. Abala 51 nínú ìlànà wọn ní kí ẹni tó mú fíísà náà wá sọ fún òṣìṣẹ́ tó bá pàdé bí ó bá ti di ọkọ tàbí aya ẹnìkan láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní fíísà. Bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí àárín yìí, ẹ má wọ ọkọ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n lè yẹ ọkọ yín wò.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí èmi yóò yàn, bí ìwé PR bá dé kí oṣù méjì náà tó pé, èmi yóò gúnlẹ̀ kí n tó padà wá ṣègbéyàwó, àfi bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí ara yín bá ju ohun tí ẹ lè gbà lọ. Bí kò bá dé, èmi kò ní sún ọjọ́ náà. Èmi yóò ṣe ìgbéyàwó, èmi yóò sì sọ fún wọn lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n yín ní ìfẹ́ yín, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí òfin sọ lọ. Ní ti ẹ̀rù tó ń ba àfẹ́sọ́nà yín, kò sí fọ́ọ̀mù tó ń wo ìyẹn sàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2010, ọ̀kan ṣoṣo nínú nǹkan méjì ti tó láti sọ ìgbéyàwó di òfo lójú Kánádà: kí ó má jẹ́ òótọ́, tàbí kí ó jẹ́ pé nítorí ìwé ni wọ́n fi ṣe é ní pàtàkì. Ẹ fẹ́ ara yín nítorí pé ẹ fẹ́ ara yín.

Lẹ́tà kejì

Olùdáhùn wa, ẹ kú làákàyè. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Ìyá mi ní green card ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti kọ̀wé láti pè mí láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ sọ pé ó ti sú àwọn láti máa dúró, mo sì rò pé bí mo bá fẹ́ ẹ báyìí, àwa méjèèjì la jọ máa lọ. Ṣé mo rò ó dáadáa?
Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Ìdáhùn

Ọmọ Ìyá Rẹ̀, ẹ dúró ná. Ohun tí mo sọ fún Ìyàwó Tó Ń Dúró lórí Kánádà kò bá ti yín mu rárá, ìdí sì nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yín tẹ̀lé tirẹ̀. Ìlà tí ìyá yín fi orúkọ yín sí ni èyí tí wọ́n ń pè ní F2B, ti ọmọ ẹni tó ní green card, tó ti lé ní ọdún 21, tí kò sì tíì gbéyàwó. Kò sí ìlà kankan ní Amẹ́ríkà fún ọmọ ẹni tó ní green card tó ti gbéyàwó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbéyàwó, ìwé tí ìyá yín kọ yóò kú fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ikú rẹ̀, ọdún mẹ́rin náà yóò sì bá a lọ. Bí ẹ bá kọ ara yín sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kò ní jí dìde. Ìyá yín ní láti tún òmíràn kọ ni.

Ọmọ onílùú nìkan ni ó lè pe ọmọ rẹ̀ tó ti gbéyàwó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín bí wọ́n ti pẹ́ tó lórí green card wọn, nítorí lẹ́yìn ọdún 5, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè tọrọ láti di ọmọ onílùú. Bí wọ́n bá di ọmọ onílùú nígbà tí ẹ kò tíì gbéyàwó, ìwé yín yóò bọ́ sí ìlà F1, ti ọmọ tó ti lé ní ọdún 21 tí kò tíì gbéyàwó, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú. Bí ẹ bá wá gbéyàwó lẹ́yìn ìyẹn, yóò bọ́ sí F3, ti ọmọ tó ti gbéyàwó tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú, ẹ kò ní pàdánù ọjọ́ tí ẹ ti wà lórí ìlà, aya yín yóò sì lè bá yín lọ lórí ìwé kan náà. Ohun tí ń bẹ níbẹ̀ ni pé ìlà F3 gùn gan-an, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá fún àwọn tó ń dúró lórí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ má gbéyàwó títí ẹ ó fi wọlé gẹ́gẹ́ bí olùgbé, kí ẹ wá fẹ́ ẹ, kí ẹ sì kọ̀wé pè é lórí F2A, ti aya ẹni tó ní green card. Òun náà ní ìlà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń kúrú ju F3 lọ dáadáa. Èmi yóò fi F2A siwájú, mo sì mọ̀ pé ìyẹn kò ní rọrùn láti sọ létí àwọn òbí ọmọbìnrin náà.

Ẹ ṣọ́ra fún alẹ́ ìkẹyìn. Àwọn kan ti gba fíísà F2B tán, wọ́n sì ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀, wọ́n wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì dákẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n kọ̀wé láti pe aya wọn tàbí láti di ọmọ onílùú, tí ọjọ́ ìgbéyàwó wá ṣíwájú ọjọ́ ìwọlé lórí ìwé. Lójú òfin, fíísà òkú ni wọ́n fi wọlé.

Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tàbí tẹ́tẹ́ fíísà tí wọ́n ń pè ní DV ló ń gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, òdìkejì ni tirẹ̀: bí ó bá fẹ́ ìyàwó kí ó tó wọlé, ìyàwó lè bá a lọ tàbí kí ó tẹ̀lé e lẹ́yìn láìsí ìwé ìpè tuntun, ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé tán kí ó tó fẹ́ ẹ, orí ìlà F2A ni ìyàwó náà ń lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ìmọ̀ràn tí ẹni DV fún yín ṣe ti F2B.

Lẹ́tà kẹta

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti wà ní Kánádà láti ọdún méjì sẹ́yìn, Express Entry ni mo bá wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gúnlẹ̀ ni mo gbéyàwó. Òṣìṣẹ́ tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú bi mí bóyá nǹkan kan ti yí padà nínú ẹbí mi, mo ní rárá, nítorí ẹni tó bá mi ṣe ìwé ní kò kàn wọ́n. Ìyàwó mi ti bímọ báyìí, mo sì fẹ́ kọ̀wé ìgbọ̀wọ́. Kí ni kí n ṣe?
Bàbá Ọmọ Tuntun

Ìdáhùn

Ẹ kú oríire ọmọ, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ má fi ìwé ìgbọ̀wọ́ náà ránṣẹ́ báyìí. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí ó ṣe wà, wọn yóò kọ̀ ọ́ nítorí abala 117(9)(d), ìwé náà fúnra rẹ̀ yóò sì di ẹ̀rí pé ìdáhùn yín ní pápákọ̀ kì í ṣe òtítọ́, kí ẹ tó ní ẹni tó máa gbẹnu sọ fún yín.

Ìlànà àánú kan wà tí Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tí wọ́n sì ti sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ síwájú, láti gba àwọn ẹbí tí wọn kò kọ orúkọ wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá gẹ́gẹ́ bí asásálà àti àwọn tí ọkọ, aya tàbí òbí wọn fi ìgbọ̀wọ́ pè ni ó wà fún, ẹ̀yin tí ẹ bá Express Entry wá kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìyàwó yín ni ẹ̀bẹ̀ lábẹ́ abala 25 nínú òfin wọn, níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè wo ojú àánú àti ọ̀nà tí ìyapa ń gbà kan ọmọ. Ó nílò ẹ̀rí tó pọ̀: bí ẹ ṣe ń bójú tó wọn, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ìgbà tí ẹ ń lọ wò wọ́n, ìdí tí ọmọ náà fi nílò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dájú pé wọn yóò gbà á, àmọ́ wọ́n ti gbà á fún àwọn mìíràn. Ní ti ọmọ yín, ó yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ti gúnlẹ̀ ni wọ́n bí i, kò sí láyé nígbà tí ìwé yín wà lọ́wọ́, nítorí náà ìdènà náà kò kàn án.

Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, tàbí amòye ìmígíréṣọ̀n tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ College of Immigration and Citizenship Consultants, àjọ tó ń ṣe àkóso irú àwọn amòye bẹ́ẹ̀. Ẹ lè wá orúkọ onítọ̀hún lórí ìkànnì wọn fúnra yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní kò kàn wọ́n. Bí ẹ bá ṣì ní lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù tí ó fi fún yín ní ìmọ̀ràn náà, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún agbẹjọ́rò pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù fún yín lọ́jọ́ tí ẹ gúnlẹ̀, kí ó lè ka ọjọ́ méjèèjì fúnra rẹ̀.